Ẹ ṣí yàrá yẹn: lẹ́tà ṣíṣí sí ìgbìmọ̀ àdúgbò wa ní Kétu, ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ wà nínú ìgbìmọ̀ àdúgbò, mo dọ̀bálẹ̀ fún àgbà, mo kí ẹgbẹ́. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú.

Mékáníìkì ọ̀kadà ni mí. Ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó sì lé ní ìdajì yín tí mo ti bá tún ọ̀kadà ṣe láwìn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gbèsè kọ́ ni mo bá wá. Ọ̀rọ̀ yàrá símẹ́ńtì ni.

Ní ìpàdé tó kọjá, ẹ fẹnu kò pé ẹni tí wọ́n bá ká tramadol, hóró oògùn ìrora yẹn, mọ́ lọ́wọ́, tàbí tí ọtí bá ń sọ di ìjàngbọ̀n ládùúgbò, kí wọ́n tì í mọ́ yàrá tí a ń kó símẹ́ńtì sí nígbà tí a ń kọ́ ilé ìpàdé. Ọjọ́ 14 ni kó lò níbẹ̀, omi àti ẹ̀kọ ni kí wọ́n máa fún un, títí ojú rẹ̀ á fi wálẹ̀. Ọjọ́ 7 ni tẹ́lẹ̀. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì lẹ́yìn ohun tí ojú àbúrò mi rí nínú yàrá kan náà, bí ẹni pé ọjọ́ tó kéré ló fa wàhálà. Mo wá bá yín lẹ́ẹ̀mejì kí n tó kọ ìwé yìí. Lẹ́ẹ̀kíní, ẹ ní kí n padà wá lẹ́yìn ọjọ́ ọjà. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ ní inú ló ń bí mi. Inú ń bí mi lóòótọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi sinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó mú bírò.

1. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, nítorí mo gbọ́ pé ìtàn míì ni wọ́n sọ fún àwọn tí kò sí níbẹ̀. Ọmọ ọdún 34 ni àbúrò mi, zémidjan, ọ̀kadà akérò, ló ń wà. Ó ti tó ọdún 10 tó ti ń fi sódàbì, ògógóró wa, la ẹnu láàárọ̀. Tramadol dé bá a lẹ́yìn, nígbà tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó lórí ọ̀kadà. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n mú un. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí lo mu, báwo ló ṣe pọ̀ tó, ìgbà wo lo mu kẹ́yìn. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n tì í mọ́lé.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé abọ́ ẹ̀kọ kò dúró níbẹ̀. Ọmọ tó ń ṣọ́ ọ rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀rù ló ń bà á. Ó ń làágùn bí ẹni tó ń gúnyán, bẹ́ẹ̀ ìdùbúlẹ̀ ló wà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta tó mọ́ dáadáa, gìrì gbé e ṣánlẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ sáré dé. Ẹnì kan ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹnì kejì da epo pupa lé e, ẹnì kẹta ní kí wọ́n ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná. Ọlọ́run ló ní kí iná má sí nítòsí. Ṣíbí yẹn ṣẹ́ eyín iwájú rẹ̀ kan. Ìyá wa fi aṣọ dì í, ó ṣì wà lọ́wọ́ wọn dòní. Nígbà tí gìrì náà fi í sílẹ̀, wọ́n nu ẹnu rẹ̀, wọ́n tún ti ilẹ̀kùn.

Ìdájí ọjọ́ Àìkú ni wọ́n tó jẹ́ kí n yọjú sí i. Ó dojú kọ ògiri, ó ń ṣa èèrà. Mo fi tọ́ọ̀ṣì wo ògiri náà, èèrà kan kò sí níbẹ̀. Ó ní kí n gbé ẹsẹ̀ sókè kí n má baà tẹ̀ wọ́n pa, ó sì ń pe bàbá wa tó ti kú, pé kí wọ́n bá òun mú ìgbálẹ̀ wá. Ara rẹ̀ gbóná bí páìpù èéfín ọ̀kadà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Pọ́bẹ̀ dé. Irin tí mo fi ń tú táyà ni mo fi já àgádágodo yín. Ẹ ti bu ìtanràn rẹ̀ fún mi, màá san án.

Nílé ìwòsàn, ohun tí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ bi mí ni pé: "Kí ló ń mu? Ìgbà wo ló mu kẹ́yìn?" Ìbéèrè méjì péré, tí odindi àdúgbò kò ronú kàn. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ diazepam, tó ń dá gìrì dúró. Wọ́n fún un ní fítámì B1 kí wọ́n tó so omi oníṣúgà mọ́ ọn lápá, nítorí ọpọlọ ẹni tí ọtí ti jẹ fítámì yẹn tán lára rẹ̀ lè bàjẹ́ bí ṣúgà bá ṣáájú. Lóru ọjọ́ náà, nọ́ọ̀sì yìí jókòó tì mí, ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ẹni tó ti ń mutí lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ọtí bá kúrò lára rẹ̀ lójijì, ó lè pa á. Láàárín wákàtí 6 sí 24, ọwọ́ á máa gbọ̀n, òógùn á máa bọ̀. Gìrì lè dé láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, láti nǹkan bí ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, ibà lè dé, kí ènìyàn máa rí ohun tí kò sí, kó má mọ ibi tó wà mọ́. Ẹ fi wé Ọjọ́bọ̀ sí Àìkú tí mo sọ lókè. Àbúrò mi kò fo ọ̀kankan nínú rẹ̀.

Kí ẹ má baà sọ pé ti ọmọ zémidjan nìyẹn: àgbà kan wà láàárín yín, gbogbo wa la mọ̀ wọ́n, tí ojúmọ́ kì í mọ́ kí wọ́n má ta sódàbì sẹ́nu. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, wọn kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Bí a bá ti àwọn náà mọ́ yàrá yẹn lálẹ́ òní, ọ̀túnla ni wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa èèrà.

2. Láyé àtijọ́, Akábà Ìdènà, ẹnu ibodè ìlú wa, ni wọ́n ń gbà wọ Kétu, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ń gbà jáde. Ìlú nìyẹn. Oògùn kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnu kan náà ni gbogbo wọn ń gbà wọlé, ọ̀nà tí kálukú wọn ń gbà jáde yàtọ̀, ìlẹ̀kùn kan ṣoṣo ni ẹ sì kàn fún gbogbo wọn.

Ní ti tramadol, èmi gan-an ni kí ẹ bi. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi gbé e mì, nígbà tí mo ń gbé kpayo, epo bẹntiróòlù fàyàwọ́, láti Ìlárá. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ ra epo náà lọ́wọ́ mi.

Oògùn ìrora gidi ni. Àwọn ará Jámánì ló ṣe é ní 1962, ó dé ọjà ní 1977. Èyí tí dókítà ń kọ fún ènìyàn, miligíráàmù 50 ló sábà máa ń wà nínú hóró kan, àgbàlagbà kò sì gbọdọ̀ kọjá 400 lójúmọ́. Èyí tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, 200, tàbí 225, tàbí 250 ló wà nínú hóró kan ṣoṣo. Ẹni tó bá gbé 225 méjì mì láàárọ̀ ti ré ààlà ọjọ́ náà kọjá kó tó débi iṣẹ́. Bó bá sì ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ lè fa gìrì, kódà fún ẹni tí kò ní wárápá rí.

Ní oṣù àkọ́kọ́, oòrùn kò mú mi, gálọ́ọ̀nù epo fúyẹ́ lọ́wọ́ mi bí ìyẹ́ adìẹ. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà, kì í ṣe kí n lè lágbára ni mo ṣe ń gbé e mì mọ́. Mo ń gbé e mì kí n lè bẹ̀rẹ̀ wọ bàtà mi. Ìgbẹ́ di ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin. Ara ń yún mi ṣáá. Ìyàwó mi mọ ìyókù. (Ẹ̀yin tí ẹ ń ra hóró kan pamọ́ nítorí agbára alẹ́, oògùn kan náà ni o.)

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ jáwọ́ nínú rẹ̀, kò tíì tó wákàtí 12 tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í yán. Ìyán lórí ìyán, omi ń dà lójú mi, ó ń dà nímú mi. Ara mi rí wúruwùru bí awọ adìẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tu ìyẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ kejì sí ìkẹta ló burú jù: inú ń ṣí, èébì ń bọ̀, egungun ń ro mí bí ẹni tí wọ́n gún nínú odó. Ẹsẹ̀ mi ń ta nù lóru débi pé ìyàwó mi kó ẹní, ó lọ sùn nílẹ̀. Nígbà tó fi máa tó ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ 10, èyí tó le jù ti rékọjá. Oorun nìkan ni kò tètè padà. Mo tún gbọ́ lẹ́yìn náà pé tramadol kò dà bíi mọ́fíìnì tàbí kódéìnì, àwọn oògùn ìrora líle, tààrà. Ó ń kan ìlẹ̀kùn tí àwọn yẹn ń kàn nínú ọpọlọ, ó sì tún ń di kẹ́míkà méjì míì mú, èyí tí ìdùnnú àti ìbànújẹ́ wa wà lọ́wọ́ wọn. Ìdí nìyẹn tí nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́jọ, bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ lójijì, fi ń ní ìpayà tí kò nídìí, tí wọ́n ń gbọ́ ohùn, tí wọ́n rò pé wọ́n ń lépa àwọn, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn ń kú tipiri. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ń pariwo nínú yàrá yín, ẹ máa ń sọ pé ẹ̀mí àìmọ́ ló ń jáde.

Fífi tramadol sílẹ̀ kì í sábà pa ènìyàn bíi ti ọtí, àyàfi tí omi ara bá gbẹ tán. Òrùlé páànù ni yàrá yẹn ní, kò ní fèrèsé, ike omi kan ni ẹ ń gbé sílẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan. Ẹni tí inú rẹ̀ ń ṣí, tó sì ń bì, nílò ju ìyẹn lọ: omi mímọ́ lítà kan, ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà tí a fọwọ́ rẹ́ lórí, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì, kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀ lọ́sàn-án lóru. Gbogbo ìyá ọlọ́mọ ní Kétu ló mọ èyí.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo já oògùn náà sílẹ̀ lójijì, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo padà sí i. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, nọ́ọ̀sì kan sọ fún mi pé kí n yé ṣe bí akọni. Ó ṣètò rẹ̀ kó máa dín lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Inú agolo mílíìkì ni ìyàwó mi ń tọ́jú rẹ̀ sí, ó ń kà á lé mi lọ́wọ́ bí owó ọjà, bí mo bá bẹ̀ ẹ́ fún ìdajì hóró sí i, á ní ọjà ti tú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án la fi ṣe é.

3. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nínú ọjọ́ 14 yín ni ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún.

Ẹni tó ti ń gbé hóró mẹ́rin mì, ara rẹ̀ ti kọ́ bó ṣe ń gbà á. Bó bá pé ọ̀sẹ̀ méjì láìfẹnu kàn án, ara ti gbàgbé, ọkàn kò tíì gbàgbé. Ó jáde ní yàrá yín tìbínú-tìtìjú, ó yà sí búkà tó mọ̀, ó ra iye tó ń rà tẹ́lẹ̀. Iye tó ń lò láti fi rìn ní oṣù tó kọjá lè dá èémí rẹ̀ dúró lónìí, pàápàá tó bá fi sódàbì lé e. Ẹ máa wo ẹyinjú: dúdú rẹ̀ á kéré bí orí abẹ́rẹ́, ètè á ṣú, yóò máa han-anrun lọ́nà tí kò jọ oorun, èémí kan síkejì á jìnnà. Ẹ má da omi tútù sí i lára. Ẹ jí i, ẹ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá. Abẹ́rẹ́ kan wà tó ń jẹ́ naloxone tó lè dá èémí irú ẹni bẹ́ẹ̀ padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe oògùn gìrì. Láti 2014 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kó máa wà lárọ̀ọ́wọ́tó àwọn tó ń gbé pẹ̀lú ẹni tó ń lo irú oògùn yìí.

4. Àwọn yòókù, ní kúkúrú. Valium àti oògùn oorun tí àwọn ìyá wa kan ti ń lò fún ọdún: ẹ má já a gbà lọ́wọ́ wọn lójijì, gìrì bíi ti ọtí ló lè tẹ̀ lé e, nígbà míì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí gbogbo wa ti rò pé ó tán. Dókítà ló ń dín in, ó sì lè gba oṣù púpọ̀. Hóró tuntun tí wọ́n po tapentadol (oògùn ìrora líle) àti carisoprodol (oògùn tó ń dẹ iṣan) pọ̀ nínú rẹ̀, tí Íńdíà fòfin de ní oṣù Kejì 2025, ewu mọ́fíìnì àti ewu oògùn oorun ló wà lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Igbó ní tirẹ̀, ẹni tó bá fi í sílẹ̀ kò ní sùn, kò ní jẹun, á máa kanra fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Kò ní kú. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀.

5. Ẹ ti ẹni tó ń gbé e mì mọ́lé, ẹ kí ẹni tó ń tà á. Láti ibi tí ẹ ń jókòó ṣèpàdé, mo fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n dé ibi tí wọ́n ti ń tà á: ìṣísẹ̀ 40. Ní 2017, ìjọba gbógun ti oògùn ẹ̀bá ọ̀nà, wọ́n kó o ní tọ́ọ̀nù-tọ́ọ̀nù ní Adjégounlè ní Kútọnu. Òfin 97-025 ti 18 oṣù Keje 1997 wà lórí oògùn olóró. Kí ló dé tí àdúgbò wa kò lè fi ẹnu kan ṣoṣo sọ fún oníbúkà pé kó kó ti ẹ̀ kúrò, tàbí kí a pe ọlọ́pàá?

Bí ẹ bá sì ń sọ̀rọ̀ òfin, Òfin Ìpìlẹ̀ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti 11 oṣù Kejìlá 1990, abala 18, sọ pé a kò gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni dúró ju wákàtí 48 lọ láìjẹ́ pé adájọ́ ló pàṣẹ rẹ̀. Bí ọ̀ràn bá tilẹ̀ le dé ibi tí òfin gba kí ó gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ 8. Àṣẹ wo ni ìgbìmọ̀ àdúgbò ní tó ju ti ọlọ́pàá lọ?

6. Ẹnì kan nínú yín béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Kí ni ká wá ṣe fún wọn, ká máa gbé wọn jó?" Ẹ jẹ́ kí n dárúkọ ọmọ Bẹ̀nẹ̀ kan. Grégoire Ahongbonon, ẹni tó ń tún táyà ṣe nígbà kan rí ní Bouaké, ilẹ̀ Ivory Coast. Kì í ṣe dókítà. Oníṣẹ́ ọwọ́ bíi tèmi ni, ọwọ́ rẹ̀ náà ti dúdú fún rọ́bà rí. Òun ló bẹ̀rẹ̀ sí í já ẹ̀wọ̀n lẹ́sẹ̀ àwọn tí wọ́n so mọ́ igi nítorí pé orí wọn dàrú, tó sì ń kó wọn lọ síbi ìtọ́jú. Ẹgbẹ́ rẹ̀, Saint-Camille, ní ilé ìtọ́jú ní Avrankou, kò jìnnà sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Ilé ìwòsàn ìjọba fún àìsàn ọpọlọ wà ní Jacquot, Kútọnu. Methadone àti buprenorphine tí wọ́n fi ń wo ẹni tí irú oògùn yìí ti dè ti wà nínú ìwé oògùn kòṣeémánìí Àjọ Ìlera Àgbáyé láti 2005. Mi ò ní kí ẹ lọ rà wọ́n. Mo ní kí ẹ rí i pé ohun tí ayé ń fún ní oògùn ni ẹ ń fún ní àgádágodo.

7. Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Ẹ fagi lé ọjọ́ 14, ẹ fagi lé ọjọ́ 7 pẹ̀lú, ẹ má sì ti ẹnikẹ́ni mọ́ yàrá yẹn mọ́. Ẹni tí ẹ bá mú, kí ìbéèrè àkọ́kọ́ jẹ́ ti nọ́ọ̀sì yẹn: kí lo mu, ìgbà wo lo mu kẹ́yìn? Bí ó bá jẹ́ ọtí ojoojúmọ́ tàbí oògùn oorun, ilé ìwòsàn ni kó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Owó ìtanràn tí ẹ ń gbà lọ́wọ́ àwọn ará ilé wọn, kí a fi da epo sínú ọ̀kadà tó máa gbé wọn lọ. Èmi yóò tún ọ̀kadà náà ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Kí a pe nọ́ọ̀sì kan wá kọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa bí a ṣe ń tọ́jú ẹni tí gìrì mú: ẹ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ kó ohun líle kúrò lẹ́bàá rẹ̀, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, ẹ wo aago, bó bá kọjá ìṣẹ́jú 5 kò gbọdọ̀ wà nílé mọ́. Kí ẹ sì rin ìṣísẹ̀ 40 yẹn.

Àbúrò mi ti ń bọ̀ sípò. Kò tíì gun ọ̀kadà. Ó ń bá mi fọ irin ní ṣọ́ọ̀bù, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n díẹ̀ láàárọ̀, kò sì fẹ́ rẹ́rìn-ín nítorí eyín.

Ìpàdé yín tó ń bọ̀ jẹ́ ọjọ́ Àìkú. Màá mú owó àgádágodo dání. Ìyá wa ní àwọn náà ń bọ̀, wọ́n ní àwọn á mú eyín náà wá.

Èmi ni tiyín,
mékáníìkì ọ̀kadà, lójú ọ̀nà Pọ́bẹ̀, Kétu